Ọwọ́ Tí Kò Mọ Ìsinmi

Ìyá mi, èmi Ògúnkọ̀yà ọmọ yín ló ń kí yín láti Àjàṣẹ́. Ara mi le koko. Ẹ má gbọ́ ti àwọn ará Ìkpinlè tó ti ibi tí a ti ń la ọ̀nà fún òyìnbó dé.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ló kàn ń gbọ̀n bíi ti bàbá mi, bí mo bá jókòó lásán. Dókítà òyìnbó gbé ife omi fún mi. Bí mo ti dì í mú, ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́. Ó ní mò ń díbọ́n ni, kí n má baà la ọ̀nà wọn. Èmi náà fura sí i, mi ò mu omi rẹ̀. Ọ̀la ni mo máa padà sídìí ọkọ́. Oúnjẹ ibẹ̀ dùn.

Ẹ bá mi kí Abọ́dúndé ọmọ mi. Bó bá jókòó lásán, ẹ rọra máa wo ọwọ́ rẹ̀.