Irin Tí Ẹ Dá Padà Sínú Omídùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Kí Ọlọ́hun máa bá mi tẹ́ àlùjánnà fún yín, kí ibùsùn ibẹ̀ má le jù fún ẹ̀yìn yín tó máa ń dùn yín. Inú yàrá yín ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nílé wa ní Ìwó, lọ́sàn-án Sátidé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ìyá wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bá ewúrẹ́ aládùúgbò jà lórí ẹ̀fọ́ wọn, ewúrẹ́ ló sì ń borí. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn kò dùn wọ́n rárá. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n.

Ọdún kẹfà rèé tí ẹ ti lọ, mi ò kọ nǹkan kan sí yín rí. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ fún yín, inú ni mo máa ń sọ ọ́ sí, màá ṣe àmín, ó parí. Èyí kò gba inú sísọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín ni, àti tèmi náà, mo sì jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ irin ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì tó wà nílùú wa níbí. Ẹ fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀, pé mo kàwé kàwé títí mo fi padà wá bá irin tí mo sá fún nílé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan. Gbogbo ilé ló ń fi oòrùn tan iná báyìí, bátìrì sì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi bátìrì títúnṣe jẹun gan-an lẹ mọ ohun tó máa ń tètè pa á. Kì í ṣe inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà gbogbo, àwọn irin tí wọ́n fi di wáyà mọ́ ọn lórí ni. Èéfín ásíìdì á máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dógùn-ún, iná ò ní ráyè kọjá mọ́, onítọ̀hún á wá lọ ju bátìrì tó dára nù. Sítéénlẹ̀ẹ̀sì, irin funfun tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, ló yẹ kó gbà wá, àmọ́ òun náà kò lágbára tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Bí ásíìdì bá bá a gbé pẹ́, á jẹ ẹ́.

Ojútùú sí ìyẹn ni mò ń wá, mo sì rí i. Mo rẹ irin náà sínú omi kíkan fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi ooru jẹ́jẹ́ gbẹ ẹ́, mo tún wá dá a padà sínú omi kíkan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìdápadà yẹn ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú ò lè rí á wá bo irin náà, ásíìdì ò sì ní ríbi gbà wọlé.

Mo gbé e lọ sókè òkun láti gba pátẹ́ǹtì. Ìwé tí ìjọba máa ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ hùmọ̀ nǹkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ di tiẹ̀. Wọn kì í dédé fún èèyàn. Olùyẹ̀wò kan á jókòó tì í, á tú ohun tí àwọn èèyàn ti kọ ní orílẹ̀-èdè gbogbo, á wò ó bóyá ohun tuntun ni lóòótọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe irú rẹ̀ rí ní gbangba, níbikíbi láyé, ṣáájú ọjọ́ tí èèyàn gbé tiẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo fẹ́ ìwé yìí gan-an, Bàbá. Ilé iṣẹ́ kan ti ṣèlérí pé bó bá ti jáde, ẹ̀rọ á wá sí Ìwó níbí, ìlú wa la ó ti máa ṣe irin náà. Mo ti ń fojú inú wo ilẹ̀ tí a máa kọ́ ọ sí lọ́nà Kúta. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ti ń fojú inú wo orúkọ mi lára ògiri rẹ̀ pàápàá.

Lẹ́tà olùyẹ̀wò dé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mi ò mọ ojú ẹni náà, àmọ́ ó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti rẹ irin sínú omi kíkan lẹ́ẹ̀kan, kò rí ẹnì kan tó dá a padà. Ìbéèrè méjì ló bi mí. Àkọ́kọ́ ni ìdí tí ìdápadà náà fi ṣiṣẹ́, mo sì dáhùn ìyẹn kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Èkejì ni bóyá mo mọ ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí lójú àwọn èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti ń kọ rárá síbẹ̀ nígbà tí òórùn kan gba ojú fèrèsé yìí wọlé. Ìyá ló ń da omídùn kúrò lórí ògì wọn.

Bàbá, mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Mo rí yín lábẹ́ igi máńgòrò lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí ásíìdì ti lu bí ajere, pẹ̀lú garawa omídùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Èmi lẹ máa ń rán lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn ológì. Gbogbo wọn ló gbà pé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lẹ fi ń pò, wọ́n á ní kí n bá àwọn kí yín pé kí ẹ dín ṣúgà kù. Ẹ ò já wọn ní koro rí. Ẹ máa ń gé abọ́ sítéénlẹ̀ẹ̀sì tó ti ya ṣe ìdè wáyà orí bátìrì, ẹ máa rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa rì í mọ́nú eérú gbígbóná títí á fi tutù, ẹ máa dá a padà sínú omídùn. Ẹ máa dá a padà. Ojú mi ló ṣe, láìmọye ìgbà. Nínú ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ mi sí, mo kọ ọ́ pé ibi tí mo ti ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan ni èrò náà ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi fi Ọlọ́hun jẹ́rìí pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ jí i.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Ọdún kejì tí mo wọ yunifásítì, mo wálé fún ìsinmi, mo dúró lójú àwọn oníbàárà yín mo sì bá yín wí, pé irin ò mọ omi ògì, pé kí ẹ yéé fi ìwà àtijọ́ ṣe iṣẹ́ òde òní. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín ni, ẹ ní kí n bá yín mú ìdè tó kàn wá. Ṣé ó dùn yín? Kí ló dé tí ẹ ò fi dá mi lóhùn? Àbí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀?

Mo sọ fún Ìyá lọ́jọ́ náà. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ogún bàbá ẹ ni! Ta ló fẹ́ bá ẹ pín in? Ṣé òyìnbó yẹn mọ bàbá ẹ ni?”

“Ìyá, wọn ò béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tó ti rí i ni wọ́n ń béèrè.”

Wọ́n pòṣé. “Ta ló rí i? Àwọn tó ń wá sábẹ́ máńgòrò yẹn, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n ń wá sọ. Kò sẹ́ni tó wo nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi létí. Bí kò bá sẹ́ni tó rí i, a jẹ́ pé mi ò parọ́. Àmọ́ mo mọ̀ yín. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yòókù máa ń fi ọgbọ́n iṣẹ́ wọn pamọ́ ni, ẹ̀yin máa ń pe èèyàn jókòó ni, ẹ máa ṣàlàyé títí á fi sùn. Ìyá ń bá yín jà lórí ẹ̀ nígbà náà, pé èwo ni ti atúnbátìrìṣe tó ń kọ́ oníbàárà ní ohun tí kò ní jẹ́ kó padà wá. Ni mo bá gun ọ̀kadà, mo gba Kúta lọ bá Ìyá Oníná, obìnrin tó máa ń bá àwọn èèyàn fi iná oòrùn sáájì fóònù, tí ẹ máa ń bá tún bátìrì ṣe. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń gbàdúrà. Ẹ má bínú sí mi, Bàbá: mò ń gbàdúrà kí iṣẹ́ ọwọ́ yín ti dógùn-ún, kí n lè sọ pé kì í ṣe irú tèmi.

“Ọmọ Bàbá Oníbátìrì! Ojú ẹ rèé!” Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí ni wọ́n ti fà mí dìde, tí wọ́n fà mí wọnú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo bátìrì. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni bátìrì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Irin bàbá ẹ kò kú. Èmi ni mo ń tú u kúrò lára òkú, tí mò ń dè é mọ́ alààyè.”

Ó wà níbẹ̀, ó ń dán. Mo fi èékánná họ ọ́, kò sí ìpẹtà kankan. Mo wá béèrè bóyá wọ́n mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

“Omídùn ọjọ́ mẹ́ta. Eérú gbígbóná. Kó o dá a padà sínú omídùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ lásán lo ṣe. Èmi náà ti ṣe é fún ọmọ mi tó wà ní Olúpọ̀nnà. Ṣé o ti gbàgbé ni, tó o fi wá ń bi mí?”

Mo jókòó sórí àga oníke wọn, mo sunkún. Inú mi bàjẹ́, orí mi sì ń wú, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe nínú méjèèjì. Wọ́n rò pé ikú yín ló ń pa mí lẹ́kún, wọ́n ra mínírà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìdáhùn mi fi wà nílẹ̀ tí mi ò fi í ránṣẹ́. Mo kọ orúkọ yín síbẹ̀, iṣẹ́ yín, abẹ́ igi máńgòrò, omídùn àti eérú. Mo ya àwòrán irin Ìyá Oníná mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo fi í ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ yẹn kọ ìlà kan péré sí mi, pé ó dàárọ̀. Ìyá bá mi yan odì fún ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n wá jẹun, ewúrẹ́ ni wọ́n ń sọ fún.

Ìdájọ́ olùyẹ̀wò dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Wọn ò fún mi ní pátẹ́ǹtì. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, síbẹ̀ ó dùn mí, mo ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì mi fún bíi wákàtí kan. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ojú ewé kejì. Wọ́n to orúkọ àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú mi síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìlú tí mi ò dé rí. Ẹni tó kẹ́yìn, ẹni tó dá irin padà, ẹni tó ti ṣe gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, ẹ̀yin ni. Orúkọ yín wà níbẹ̀ ní kíkún, wọn ò ṣì í kọ: atúnbátìrìṣe, Ìwó, Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé irú irin yìí wá fún àyẹ̀wò, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa ní kó kọ́kọ́ dé.

Mo gbé e wálé láàárọ̀ yìí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Wọ́n ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé, wọ́n lọ wé gèlè, wọ́n jáde, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n wá kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ṣé wọ́n kọ olóògbé síwájú orúkọ bàbá ẹ?”

Mo wò ó. Wọn ò kọ ọ́. Èmi ni mo gbàgbé láti sọ fún wọn. Nínú ìwé náà, ọkùnrin kan ni yín tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìwó.

“Má sọ fún wọn o,” ni Ìyá wí.

Mi ò ní sọ fún wọn, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ abẹ́ máńgòrò ọjọ́sí.