Ipò Kìíní fún Ẹni Tó Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn má dun ẹnikẹ́ni nínú yín bó ṣe ń dun èmi. Ìyá rẹ ní ara òun le, orúnkún òun nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ti òun. Wọ́n ti tún òrùlé ibi ìdáná tó ń jò ṣe. Ibòmíràn ló wá ń jò báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o fi sílẹ̀ fún wa ni mo fẹ́ ròyìn. Nígbà tí iná pupa kékeré yẹn tàn níwájú mi tí mo pè ọ́, o ní ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì, pé bí mo bá wo orí fóònù, màá rí àwọn tó ń ṣe é nítòsí wa, àti ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fún kálukú wọn, kí n fi ìyẹn yan èyí tó dára. O ò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ìràwọ̀ náà, ó sì yé mi pé ọ̀wọ̀ lo fi bù fún mi. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó kọ ipò àwọn ọmọ sínú káàdì ìdánwò títí ìka rẹ̀ fi wọ́, kò nílò kí wọ́n máa kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ìkarùn-ún.

Ibi méjì ló wà. Ilé onígíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ní ìràwọ̀ kan. Sọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ní ìràwọ̀ márùn-ún gbáko. Mo bá gba ti onígíláàsì lọ. Wọ́n fi mí jókòó sórí àga rírọ̀, wọn ò jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà béèrè àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì mi, mo sì júwe ilé wa fún un dáadáa, pé bó bá ti kọjá afárá, kó yà sọ́wọ́ òsì. Mo gbé ọkọ̀ délé, kò pẹ́ tí ọ́ìlì tó ń jò lábẹ́ rẹ̀ fi sọ ilẹ̀ àgbàlá di dúdú. Ìyá rẹ ní ṣé àwọn tó ṣe kìíní ló ṣe èyí, kí ni àwọn tó kẹ́yìn ì bá wá ṣe. Mo ti rí i pé ojúsàájú ló wà nínú èsì yẹn. Ojúsàájú kì í ṣe àjèjì sí mi, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo bá ránṣẹ́ pe ẹni ìkarùn-ún. Ṣé o rántí Ìgúnpá, ọmọkùnrin tí ẹ jọ wà ní kíláàsì, tó máa ń fi ìgúnpá bo ìwé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wò ó? Òun ló wá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí ọ́ìlì náà kí n tó lè dá a dúró. Ó ní wọn ò dé nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì le, wọn ò sì fọwọ́ kan asẹ́ tó ń sẹ́ ọ́ìlì. Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó ní kí n fojú ara mi wò ó.

Ọmọ mi, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Ọdún tí ẹ jáde, tí o gba ẹ̀bùn ipò kìíní, tí a ya fọ́tò tó wà lára ògiri yìí, Ìgúnpá ló ṣe kìíní. Máàkì mẹ́ta ló fi jù ọ́ lọ. Èmi ni mo yí i, torí mo rò pé ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ò gbọdọ̀ ṣe kejì. Ẹni tó ṣe kìíní nìkan ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún nígbà náà. Ìwọ lo lọ, òun lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni, ìwọ ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nígbà tí mo rí i pé orí fóònù tún gbé e sí ìkarùn-ún, mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ ìràwọ̀ kan ṣoṣo fún un. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ sí i, torí èsì tó mọ́ ò nílò àlàyé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, gbogbo àwọn tó ní fóònù sì fún un ní kìíní. Akọ̀wé wa ṣèèṣì tẹ ìkẹrin, a pariwo lé e lórí títí ó fi tún un ṣe. A fún ilé onígíláàsì ní ìkarùn-ún, kí wọ́n lè kọ́gbọ́n. Àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé ọkọ̀ ń tò níwájú wọn báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìgúnpá wá, ó jókòó sí etí àga. Ó ní ìyàwó òun fi fóònù han òun, òun rí orúkọ mi àti ti àwọn tíṣà tó kọ́ òun, ìràwọ̀ márùn-ún tí òun fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti já bọ́, àwọn àlejò tó máa ń yà sọ́dọ̀ òun ò yà mọ́. Ó bi mí pé kí lòun fi ṣẹ̀ mí. Mo ní kó má dárò ipò karùn-ún, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ohun tó wà lórí fóònù yẹn ló tọ́ sí i láti kékeré. Ó dìde. Ó ní òun á máa pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí láé, kí n ṣáà má fún òun ní nǹkankan mọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ọmọ yẹn ò yí padà.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, dátà mi ti tán, ó sì ku àwọn olùkọ́ ìlú kejì tí a ò tíì bá sọ̀rọ̀. Bó bá lè pọ̀ díẹ̀, kí orúnkún ìyá rẹ náà rí nínú rẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ máàkì fún Ìgúnpá, mo fẹ́ kí ìwọ kọ́kọ́ gbọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí o sàn jù mí lọ, àwọn ọmọ rẹ á sì sàn jù ọ́ lọ. Bí o bá ti ka èyí tán, ṣí fóònù rẹ, wá sọ́ọ̀bù Ìgúnpá kàn, kí o fi ọwọ́ ara rẹ dá ipò rẹ̀ padà fún un. Ìràwọ̀ kan péré ni. Má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ