Àpótí Tó Ń Ké Pè Mí Wá Lo Oògùn

Òpéléńgé ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé oyún ń jẹ́ kí o sùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń bá ẹ fọ abọ́? Olúwa á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àlàáfíà la wà níbí, àfi ewúrẹ́ aládùúgbò wa tó jẹ etí aṣọ oníbàárà mi, tí ìyá eléwúrẹ́ sì ní èmi ni mi ò gbé aṣọ kúrò nílẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé nígbà tí o pè mí lórí fóònù, igbe lò ń ké, o ò jẹ́ kí n gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀.

Àpótí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi rán awakọ̀, ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi ni mo gbé e sí. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé tí mo bá ti ṣí ìdérí ẹ̀, wàá rí i níbi tí o wà. Mo wá ní, ṣé ọmọ mi á máa wò mí, kí n wá ṣe irun wúruwùru? Láàárọ̀ tí àpótí náà bá ti ké, mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè, mo ṣí i, mo kí ẹ, mo ròyìn ilé fún ẹ, mo pa á dé. Tí mo bá rán aṣọ tó wù mí, mo tún ṣí i, mo na aṣọ síwájú ẹ̀, ó lè tó ìgbà mẹ́rìnlá lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ yẹn ṣe iṣẹ́ ibi, mo fà á wá kí o rí ojú ọ̀daràn.

Àfi bí o ṣe pè tẹkún-tẹkún pé mo ti gbé oògùn ọ̀sẹ̀ méjì mì lọ́jọ́ kan. Kí n tó dáhùn, nọ́ọ̀sì tí o rán sí mi ti dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ti lọ sókè. Ó ṣí àpótí, gbogbo oògùn jókòó síbẹ̀. Ó ní àpótí ò lójú, ìdérí nìkan ló mọ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ló ń kà sí oògùn, kò mọ ẹni tó gbé oògùn mì àti ẹni tó kàn ń kí ọmọ. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ò bá wálẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí n wọkọ̀ wá bá ẹ tí o bá bímọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, ọmọ mi. Tí mi ò bá wá, ìyá ọkọ rẹ ló máa wẹ ọmọ. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n mo ti rí bó ṣe ń fọ ife. Ṣe ni wọ́n ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ni mo bá pinnu. Tó bá ti ké báyìí, mo dìde. Ọjọ́ kan mò ń wọn oníbàárà, ó ké, mo fi okùn ìwọ̀n sílẹ̀ lọ́rùn obìnrin náà. Tí mo bá ti gbé oògùn mì, mo lọ ya ẹnu níwájú ìyá eléwúrẹ́ kó yẹ abẹ́ ahọ́n mi wò. Ó ní òun kì í ṣe dókítà, mo ní ìtanràn aṣọ ló ń san. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì tún wọ̀n mí, ó ti wálẹ̀, ó ní ó ku díẹ̀. N ó mú díẹ̀ náà wálẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́. Àpótí yìí ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ń pa, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló ti ń gba iná, owó lọkùnrin náà sì ń gbà. Ó tún ń ráhùn pé àpótí ké lójijì nígbà tí abẹ òun wà lórí ẹnìkan, òun sì fá ibi tí òun ò ní lọ́kàn. Fi owó ọkọ̀ mi náà kún un, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, á ṣọ́ ohun tó wà nínú rẹ, ẹ̀yin méjèèjì ò ní pàdánù ara yín. Tí o bá bí kí n tó dé, sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo kí i gan-an. Kó fi aṣọ tútù nu ọmọ náà lára. Ìwẹ̀ ńkọ́? Mò ń bọ̀.

Ìyá rẹ, aránṣọ.