Báàgì Tí Mo Tú ní Marzahn

Ìyá Fọlájìmí mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le ní Marzahn, àdúgbò kan ní Berlin níbí. Mo ń bá Ọládùnní, ìyàwó ọmọ wa, tú ògbólógbòó kìmónò, aṣọ àwọn ará Japan, tó fi ń rán báàgì. Lánàá ó kígbe: "Dádì, báàgì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lẹ tú yẹn! Ṣé ẹ ò fẹ́ kí iṣẹ́ tán ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé òmíràn tí mo tú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò sì rántí ìgbà tí mo tú u.

Nígbà tí ìyá rẹ ń gbàgbé nǹkan, ṣe ni mo ń jágbe mọ́ ọn. Dárí jì mí. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n bóyá òtútù ibí ló fa ìgbàgbé yìí.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Tí o bá pè, kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ. Fóònù mi kì í gbé ohùn dáadáa mọ́.

Ọkọ rẹ,
Akíndélé