Ohùn Tó Ń So Ènìyàn Pọ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ìyá Hẹ́lò

Ní ọdún 1946, nínú ilé kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni a bí Màmá. Bàbá wọn ń tún aago ṣe, gẹ́gẹ́ bí bàbá tó bí i ti ṣe. Ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì. Ilé ìdákẹ́jẹ́ ni ilé náà, nítorí ẹni tó ń tún aago ṣe kò gbọdọ̀ máa gbé nínú ariwo. Màmá nìkan ni ọlọ́rọ̀ ibẹ̀. Bàbá wọn a máa sọ pé bí aago bá dún jù, òun mọ ibi tí òun ń tẹ̀ tí yóò fi dákẹ́, pé ti ọmọbìnrin òun yìí ni òun kò tíì rí.

Wọ́n ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama ládùúgbò. Bí àlejò bá wá sí ilé ìwé, Màmá ni wọ́n máa ń pè kí wọ́n wá kàwé sókè, nítorí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn mọ́ ketekete bí omi inú dígí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ akọrin yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ní, “Ohùn tìrẹ, ti ìkéde ni. Kì í ṣe ti orin.” Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lára. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá wà nílé ìjọsìn tí àwọn ènìyàn ń kọrin, ẹnu lásán ni wọ́n ń là. Ẹni tó dúró tì wọ́n kì í gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọdún 1966, ilé ìwòsàn ńlá gba Màmá síṣẹ́ nínú yàrá tẹlifóònù. Yàrá tóóró ni, kò ní fèrèsé. Níwájú wọn ni pátákó oníhò wà, ihò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná kékeré tirẹ̀, fún wọ́ọ̀dù tàbí ọ́fíìsì kan. Màmá ni wọ́n ń ti wáyà bọ ihò tí ó yẹ, kí ẹni tó ń pè lè bá ẹni tó ń wá sọ̀rọ̀. “Hẹ́lò, ẹ dúró, mo ń so yín pọ̀.” Ìlú mọ gbólóhùn yìí, ìlú kò mọ ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Hẹ́lò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó bímọ rárá.

Ohùn yìí ló mú Bàbá wa, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kì í sábà sọ ju gbólóhùn kan lọ láàárọ̀. Ó pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan nítorí ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kó wá tún ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè.

“Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá?”

“Kò sí. Ẹ̀yin náà ni.”

“Ṣé ara yín ò yá ni?”

“Ó jọ pé àìsàn ọ̀hún ń bọ̀.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wọn fi yọjú. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1970. Ọlọ́run fi ọmọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ, ó sì tún fi ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e. Fún ọmọbìnrin yìí ni Màmá ṣe fúnra wọn hun orin kan, tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tí oorun bá ń kùn ún. Inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì.

Ní ọdún 1979 ni ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ wọ́n. Ara ọmọbìnrin náà gbóná, wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn kan náà. Bàbá jókòó tì í. Màmá lọ síbi iṣẹ́, nítorí dókítà ní ó ti ń gbádùn. Kò pẹ́ tí iná wọ́ọ̀dù náà tàn lórí pátákó. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yára wá dókítà, ó sì dárúkọ bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀rọ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọn ni. Ohùn Màmá kò gbọ̀n. Wọ́n ní, “Ẹ dúró, mo ń so yín pọ̀.” Wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n bọ́ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, wọ́n sáré. Kí wọ́n tó dé wọ́ọ̀dù lókè, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àdúrà gbogbo òbí ni pé kí ọmọ ó sin òun. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kan pósí kékeré náà. Láti ìgbà náà, a kò dárúkọ ọmọ náà nínú ilé mọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣòfin. Ẹ̀rù ló ń ba kálukú kí ó má fọwọ́ kan egbò ẹnì kejì. Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, ìlú sì ń gbọ́ “Hẹ́lò” bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn yìn wọ́n pé akin ni wọ́n. Ní ọdún 1981, wọ́n bí àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin, tó di nọ́ọ̀sì lónìí.

Nígbà tí Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2001, ohùn wọn kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Wọ́n á jókòó nínú pálọ̀, Bàbá á wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ilé á pa lọ́lọ́. Àbíkẹ́yìn wọn ló fi tipátipá mú wọn lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò, níbi tí kíláàsì orin àti eré orí ìtàgé fún àwọn àgbàlagbà ti máa ń wáyé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Afọnfèrè kan tó ti dàgbà ló ń kọ́ wọn. Tíṣà Onífèrè ni wọ́n ń pè é. Kò kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọrin. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, ó ní kí wọ́n sáà máa gbọ́. Nígbà tó parí, ó ní, “Kí lẹ gbọ́?”

“Fèrè,” ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fèsì.

“Oorun ni èmi gbọ́,” ni obìnrin kan wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Màmá ní, “Ibi tí wọ́n ti dákẹ́ ni mo gbọ́. Bíi kéèyàn pe tẹlifóònù, kó má wá lè sọ̀rọ̀.”

Tíṣà ní, “Ìdákẹ́ yẹn, ara orin ni. Ẹni tó ṣe orin náà ló fi síbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kò tíì gbọ́ orin tán.”

Nígbà tó wá kan orin kíkọ, Màmá kọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti lé àwọn kúrò nínú akọrin nílé ìwé.

“Ẹni tó lé yín ńkọ́?”

“Wọ́n ti kú, ó ti pẹ́.”

“Ó dáa. Ta lẹ wá ń sá fún?”

Ní ọdún 2005, kíláàsì náà fẹ́ ṣe eré kan, Màmá ni wọ́n sì yàn láti ṣe ìyá tó ń rẹ ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí wọn, òṣìṣẹ́ báńkì, kò fara mọ́ ọn. Ó ní, “Màámi, lọ́jọ́ ogbó yìí? Kí làwọn èèyàn máa sọ?” Màmá ní, “Kí wọ́n sọ pé ìyá ẹ ṣì wà láàyè.” Tíṣà ní kí wọ́n mú orin ìrẹmọ tí wọ́n bá mọ̀ wá. Wọ́n mú tiwọn. Wọn kò sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Bàbá jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

“Sinmi, ọmọ mi, ilẹ̀ ti ṣú,
Òṣùpá ń wò ọ́ lójú fèrèsé,
Bàbá ti tilẹ̀kùn…”

Ibẹ̀ ni ohùn wọn ti há. Ìlà tó kàn ni “Màmá wà níbí.” Ẹnu wọn kò lè sọ ọ́, nítorí wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ń lọ. Àwọn tó ń wòran rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn. Ìgbà náà ni ohùn kan tí kò kọ́ orin rí dìde láti ẹ̀yìn, ó ń ha bí ayùn lára igi gbígbẹ: “Màmá wà níbí, Màmá wà níbí, kò sóhun tó máa jí ọ.” Bàbá ni. Ó ń kọ ọ́ bọ̀ láàárín àwọn àga, títí ó fi dé ẹsẹ̀ ìtàgé. Màmá sunkún tí wọn kò sun láti ọdún 1979, lójú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Bàbá sọ ohun tí kò sọ rí. “Orin yẹn ni mo kọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó di ìka mi mú. Ìyá ọmọ mi, ọmọ wa kò dá wà.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀rù ẹkún rẹ ló bà mí.”

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ọmọ ti padà sínú ilé. Bàbá pàápàá wọ kíláàsì, ó kan ìtàgé tuntun fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tíṣà kò rí ibì kankan fi í sí nínú orin. Nílé ìjọsìn, ohùn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà tí ara Tíṣà kò gbé e mọ́, Màmá ni ó fa kíláàsì lé lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ àwọn opó, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn tí ẹnì kan ti sọ fún rí pé ohùn wọn kò dára. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó bá ń fi akẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2023, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá sùn nínú Olúwa nílé, Bàbá àti àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fi Bàbá, gbẹ́nàgbẹ́nà, sáyé lọ. Àkọ́bí wọn, òṣìṣẹ́ báńkì, àti ìyàwó rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn, nọ́ọ̀sì, àti ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ, tí ọ̀kan nínú wọn ń ta dùùrù. Àti gbogbo ọmọ kíláàsì. Ọmọ wọn kejì, obìnrin, ti ṣáájú wọn lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ikú wọn, àwọn ọmọ ní kí Bàbá sinmi. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ to àga sínú gbọ̀ngàn. Bó ti ń tò ó, awakọ̀ kan tó ti hewú yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà lórin? Ohùn mi ò dáa o.” Bàbá wò ó, ó fa àga kan síwájú fún un. Ó ní, “Ibí ni. Jókòó. À ń retí ẹ.”

Ìyá Hẹ́lò, ọmọ aláago, aya gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára, kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà yín. Ẹ sùn ire, Màmá.