Èrò Márùn-ún Tí Kò Wọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti gbé wọn dé. Ènìyàn irin márùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi tó ń jó irin, tí gbogbo wa ń pè ní Wẹ́dà. Wọ́n tò sórí ìlà níwájú fèrèsé tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ló ní kí àwọn oníṣẹ́ ọnà àdúgbò wá fi iṣẹ́ wọn ṣe ibùdó lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ẹnì kan kun ẹyẹ sára ògiri. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ — ẹ jẹ́ n dákẹ́.
Irin fèrèsé tó ti dípẹtà, ṣéènì kẹ̀kẹ́, ìdérí ìkòkò ló fi ṣe wọ́n. Ọkọ tí mo rò pé géètì nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Orí mi wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Èrò ń tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn irin, ìlà kò sún. Bàbá kan kí ẹni iwájú rẹ̀ pé ẹ kú ìdúró. Kò dáhùn. Ó tún kí i, ojú ti ń le. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án ló tó mọ̀. Ó ní ẹni tó ṣe é mọṣẹ́, àmọ́ kò kọ́ wọn nílé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo wo ẹnì kẹrin dáadáa. Báàgì lábẹ́ abíyá, èjìká kan rẹlẹ̀, ọrùn tẹ̀ díẹ̀. Bàbá ọkọ mi ni, olóògbé. Wẹ́dà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í nílé, ó ní kí n bu omi fún òun. Ìdáhùn nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 9
A lọ kí Màmá, ìyá Wẹ́dà. Wọ́n ní irin tí kò di géètì, tí kò di fèrèsé, ìnákúnàá ni. Bàbá rẹ̀ ò kọ́ ọ níṣẹ́ kó lè máa fi ṣeré. Wẹ́dà dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn wá wò ó. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn.
Lọ́nà ilé ó ní bí wọn ò bá wá, òun ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́ láé. Géètì títí ayé.

Ọjọ́rú, 12
Òjò. Ẹnì kan fi ẹ̀wù òjò rẹ̀ bo ẹni iwájú lórí. Irin o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo dá lọ bá Màmá. Mi ò sọ ẹni tó wà lórí ìlà, torí ọkọ mi fúnra rẹ̀ kò tíì sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní gbogbo ayé ló ń kí ọmọ wọn níbi iṣẹ́ mi, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù. Wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù. Wọn ò sọ pé àwọn ò ní wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ọ̀la ni wọn yóò kó wọn. Wẹ́dà ti wá ọkọ̀ ẹrù. Kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Màmá wá. Wọ́n kọjá ẹyẹ ara ògiri, wọ́n kọjá èmi náà. Wọ́n wo ẹni kìíní, wọ́n wo ìkejì. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹrin, wọ́n dúró. Wẹ́dà wà nídìí òpó, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.
Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká irin náà. Ọkọ̀ dé, èrò wọ̀ ọ́, ọkọ̀ lọ. Wọn ò gbọ́wọ́ kúrò. Omijé mi ń bọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì oníbàárà.
Lẹ́yìn náà wọ́n pe ọmọ wọn. Wọ́n ní, “Èjìká òsì bàbá rẹ ló máa ń rẹlẹ̀. Òun ni wọ́n fi ru irin títí wọ́n fi kú. Ọ̀tún lo tẹ̀ yìí.”
Ó ní, “Mo ti gbàgbé ni, Màámi.”
“Èmi ò gbàgbé. Gbé e wálé, kó o tún un ṣe níṣojú mi.”