Awọ Epo Lára Agbada Yín

Ìyá mi àtàtà,

Bàbá kò jẹun. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bi ní gbogbo Bantè.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, Tàtí àbúrò yín kó gbogbo ohun ìdáná yín síta láti fọ̀ wọ́n, bí àwọn obìnrin ilé ti máa ń ṣe. Agbada irin tí ẹ fi ń dín ẹyin fún àwọn oní-zẹ́mì tó ń fi alùpùpù kó èrò lọ sí Bobè ni wọ́n gbájú mọ́ jù. Wọ́n fi yanrìn àti eérú họ dúdú ara rẹ̀ kúrò títí ó fi ń dán, kí ayé má baà sọ pé ẹ̀gbọ́n wọn fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà sí Savalou, ìka wọn ti bó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí wọn? Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ epo tín-ín-rín ni, tí iná ti sè mọ́ irin láti ìgbà tí ẹ ti dé ilé Bàbá. Ẹ máa ń wọ́n omi sí i kí ẹ tó da ẹyin: bí omi bá ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń sá kiri, ẹ ó dà á, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó tún fi epo pa á. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ̀ ń bá agbada ṣeré. Ní báyìí, omi ń tẹ́, ẹyin ń lẹ̀ típẹ́típẹ́, mo sì ń fi ṣíbí ha á bí ẹni ń ha ògiri. Bàbá á wo àwo, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ra agbada ìgbàlódé tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́. Wọn kò tilẹ̀ wo ẹyin inú rẹ̀. Egungun èjìká wọn ti yọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi.

Epo wo lẹ fi ń pa á? Òróró ẹ̀pà ni, àbí òrí? Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kó rú èéfín kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Mo pa á, mo yan án, mo tún pa á. Apá mi kò ká a.

Láàárọ̀ yìí, omi sá kiri. Ẹyin yọ̀ kúrò lódindi. Mo sáré gbé e tọ Bàbá lọ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti ń dúpẹ́. Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fa àga yín mọ́ tábìlì, wọ́n sì dáwọ́ dúró.

"Lọ pè é wá jàre," ni wọ́n wí fún mi. "Kó má baà tutù."

Ìyá mi, ó ti tutù. Kí ni kí n wí fún wọn?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí wọ́n rán wá pè yín.